Bí o ṣe lè ṣe AP World History láì fi àkọ́sórí pa ara rẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wọ kíláàsì AP World History (ẹ̀kọ́ ìtàn àgbáyé ìpele kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ girama ń ṣe ní Amẹ́ríkà) pẹ̀lú èrò pé ọdún àti orúkọ ọba ni wọ́n fẹ́ wá há sórí. Kí ó tó di oṣù kọkànlá, káàdì àkọ́sórí ti kún àpò wọn, síbẹ̀ máàkì méjì péré ni àròkọ wọn ń gbà nínú méje. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ìdánwò yìí ń béèrè ni pé: kí ni o rò, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Ẹni tó mọ ìtàn díẹ̀ dáadáa, tó sì lè fi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, yóò gbapò mọ́ ẹni tó há gbogbo ìwé sórí lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àròkọ fi pọ̀ ju ohun mìíràn lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ohun tí o fẹ́ wọ̀

College Board, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò AP ní Amẹ́ríkà, ló ni ètò ẹ̀kọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni AP World History: Modern. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2019–2020, nǹkan bí ọdún 1200 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bọ̀ títí dòní. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé ìmúrasílẹ̀ àtijọ́ tí orí kìíní rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa Mesopotamia, tọ́jú rẹ̀ fún ìgbádùn ara rẹ. Kò sí nínú iṣẹ́ mọ́. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọdún 2023 náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé wọ́n yí ìlànà máàkì àròkọ padà nígbà náà. Màá padà sórí èyí.

Ìpín mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà. Ìpín kìíní àti ìkejì wà ní 1200 sí 1450, ìkẹta àti ìkẹrin ní 1450 sí 1750, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ní 1750 sí 1900, mẹ́ta tó kù sì gba ọdún 1900 wá sí òde òní. Ìkẹta sí ìkẹfà ló wúwo jù: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ọ̀bújẹ́ẹ̀tìfù, nígbà tí àwọn márùn-ún yòókù ń kó ìdá 8 sí 10. Nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ náà wà láàárín 1450 sí 1900 nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á jókòó ti àwọn Mongol títí oṣù kẹwàá fi máa parí, wọ́n á wá fi eré sísá gba orí ìyípadà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kọjá ní oṣù kẹta. Bí kíláàsì tìrẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, má dúró dè wọ́n. Máa ka ìpín karùn-ún lọ fúnra rẹ.

Wọn kò béèrè pé kí o ti ṣe kíláàsì kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá ní àǹfààní láti ṣe é. Ohun tó pọn dandan ni kí o lè ka ìwé tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kà, kí o sì lè kọ gbólóhùn tó já gaara. Kí o tó forúkọ sílẹ̀, bi agbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ní ohun mẹ́ta: ṣé dandan ni ìdánwò oṣù karùn-ún fún ẹni tó bá ṣe kíláàsì náà? Ṣé máàkì AP máa ń wúwo ju ti kíláàsì lásán lọ nínú GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ? Ṣé àdínkù owó ìdánwò wà fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀? Oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń parí fíforúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san owó kún owó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí lẹ́tà méjì tó ṣáájú orúkọ kíláàsì ti ọmọ wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ti ń ṣe AP méjì mìíràn, tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, ìwé kíkà ìtàn ni yóò kọ́kọ́ fi jìyà, torí pé ìwé kíkà kò ní olùkọ́ tí yóò wò ó lójú.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí o ṣe máa kàwé

Má ka ogójì ojú ìwé lálẹ́ ọjọ́ kan. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ti tó. Kọ́kọ́ wo àwọn àkòrí àti máàpù, kí o wá kà á. Lẹ́yìn náà, pa ìwé dé, kí o kọ ìlà mẹ́ta: kí ló yí padà, kí ni kò yí padà, ta ló jèrè, ta ló sì pàdánù. Bí o kò bá lè kọ ọ́ láì ṣí ìwé, ojú rẹ nìkan ló kàwé, ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ya gbogbo ìwé rẹ̀ máa ń rò pé òun ti ṣiṣẹ́. Kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ní ti ọdún, yan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré tí yóò jẹ́ òpó, kí o máa so ìyókù mọ́ wọn. 1258, àwọn Mongol wó Baghdad. 1324, Mansa Musa ti Málì gba Cairo kọjá lọ sí Mẹ́kà. 1453, Ottoman gba Constantinople. 1545, wọ́n rí fàdákà ní Potosí, ní Bolivia òde òní. 1791 sí 1804, ìjàǹgbara Háítì. 1868, ìjọba Meiji ní Jàpáàn. 1884 sí 1885, ìpàdé Berlin tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe lórí Áfíríkà. 1896, Etiópíà ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa. 1957, òmìnira Gánà. Àǹfààní wọn ni pé tí o bá rí àyọkà kan láti 1890, o ó ti mọ̀ pé lẹ́yìn Berlin ni, ṣáájú Adwa.

Ohun kékeré kan tó ń ba máàkì jẹ́ gidi gan-an: ọ̀rúndún. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ọdún 1500, kì í ṣe àwọn ọdún 1600. Ẹni tó bá ṣi èyí mú yóò kó ẹ̀rí tó dára lọ sí ìgbà tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì ní rí máàkì gbà lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀bújẹ́ẹ̀tìfù àti SAQ

Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ìdánwò. Ọ̀bújẹ́ẹ̀tìfù ló kọ́kọ́ ń wá: ìbéèrè 55, ìṣẹ́jú 55, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì. Wọ́n máa ń dì wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin sábẹ́ àyọkà, àwòrán tàbí máàpù kan. Ìlà tó sọ orísun ni kí o kọ́kọ́ kà: ta ló kọ ọ́, níbo, ọdún wo. Bí o bá rí òṣìṣẹ́ ìjọba Qing ní Guangzhou, ní Ṣáínà, ní 1839, ọkàn rẹ ti gbọ́dọ̀ dé orí òwò opium (oògùn olóró) kí o tó ka ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà náà. Nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n gbé síbẹ̀, ẹyọ kan sábà máa ń jẹ́ òótọ́ tí kò dáhùn ìbéèrè. Àdéhùn Nanjing ti 1842, tó parí ogun opium, ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ohun tó fa lẹ́tà tí wọ́n kọ ní 1839. Wọn kì í yọ máàkì fún èyí tí o bá kùnà, torí náà má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo.

SAQ (ìbéèrè ìdáhùn kúkúrú) mẹ́ta, ìṣẹ́jú 40, ìdá 20. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, o ó sì mú ẹyọ kan nínú méjì fún ìkẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní a, b àti c, máàkì kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Má kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú níbí. Kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀ fún ọ. Dáhùn, mú ẹ̀rí kan tó ní orúkọ wá, kí o sì sọ bí ẹ̀rí náà ṣe dáhùn ìbéèrè. Ká ní wọ́n ní kí o ṣàlàyé ìdí kan tí Jàpáàn fi gbájú mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. “Jàpáàn fẹ́ di alágbára” kò ní gba nǹkan kan. Èyí yóò gbà á: “Lẹ́yìn tí Perry kó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé ní 1853, wọ́n fi agbára mú Jàpáàn gba àdéhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà, àwọn aṣáájú Meiji ná owó ìjọba sórí ilé-iṣẹ́ àti ohun ìjà, kí ohun tó dé bá Ṣáínà má bàa dé bá àwọn náà.” Gbólóhùn méjì ni, ó sì pé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: DBQ, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà

DBQ, àròkọ tí a ń gbé karí àkọsílẹ̀, nìkan kó ìdá 25. Wọ́n á fún ọ ní àkọsílẹ̀ méje àti ìbéèrè kan láti inú 1450 sí 2001, pẹ̀lú 60 ìṣẹ́jú: 15 fún kíkà, 45 fún kíkọ. Máàkì méje ló wà níbẹ̀. Wọn kì í fi í fún ẹni tó mọ èdè sọ jù. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Jẹ́ kí a mú ìbéèrè kan bí àpẹẹrẹ: ṣe àgbéyẹ̀wò bí òwò orí òkun ṣe yí agbára àwọn ìjọba padà tó láàárín 1450 sí 1750.

Thesis gba máàkì kan. Òun ni gbólóhùn tó sọ ibi tí o dúró sí àti ìdí tí o fi dúró síbẹ̀. “Òwò orí òkun yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nínú ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé” kì í ṣe thesis. Ìbéèrè náà lo kàn dà padà fún wọn. Wo èyí: “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọba orí ilẹ̀ bí Ottoman ṣì fi owó orí àti ọmọ ogun di agbára wọn mú, òwò orí òkun gbé Sípéènì ga nítorí fàdákà Potosí, ó sì mú ìjọba Kongo rẹ̀yìn, nítorí pé àwọn oníṣòwò ń bá àwọn ìjòyè ṣòwò láì gba ọwọ́ ọba.” Ọ̀nà tó rọrùn wà láti dán tìrẹ wò: sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹnì kan nínú ilé tí kò ṣe kíláàsì náà. Bí onítọ̀hún bá bi ọ́ pé “báwo?”, thesis rẹ kò tíì pé.

Máàkì kan tún wà fún ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká, ìyẹn ohun tó ti ń lọ kí ìbéèrè náà tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin ni. “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣòwò” kò ní gbà á. Sọ pé kí àwọn Pọtogí tó dé Òkun Íńdíà, àwọn oníṣòwò Lárúbáwá, Gujarat àti Swahili ti ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́ tó ń yí padà pẹ̀lú ìgbà (monsoon) lọ bọ̀ níbẹ̀, tí kò sí ìjọba kan tó dá gbogbo ojú òkun náà ní. Lẹ́yìn náà, so ó mọ́ thesis rẹ. Má ṣe kọ ọ́ pé Ottoman ti gbogbo ọ̀nà òwò pa ní 1453, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ó rí i káàkiri. Owó ibodè ni wọ́n ń gbà lórí òwò náà. Kí ni wọ́n á fẹ́ pa á fún?

Ẹ̀rí ló ní máàkì mẹ́ta. Bí o bá ṣàlàyé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ mẹ́ta tó bá kókó ìbéèrè mu, ẹyọ kan nìyẹn. Bí o bá fi ó kéré tán mẹ́rin ti thesis rẹ lẹ́yìn, ó di méjì. Níbí ni àwọn ìwé àtijọ́ ti ń dẹ́rù ba ọmọ: mẹ́fà ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Má da àyọkà ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀ sínú ìwé rẹ bí ẹni ń da iyanrìn. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ohun tó wí, kí o sì fi “èyí fi hàn pé” dé e. Máàkì kẹta jẹ́ ti ẹ̀rí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. VOC, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1602, tó ń jagun tó sì ń fọwọ́ sí àdéhùn bí ìjọba, yóò bá a mu níbí. Kọ gbólóhùn méjì lórí rẹ̀. Dídárúkọ rẹ̀ lásán kò tó.

Ibi tó ń dààmú àwọn ọmọ jù ni ti orísun. Fún àkọsílẹ̀ méjì, o gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, ète rẹ̀ tàbí àsìkò tó wà ṣe nípa lórí ohun tó sọ, àti ìdí tí èyí fi kan àríyànjiyàn rẹ. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ni lẹ́tà tí Afonso, ọba Kongo, kọ sí João III ti Pọtogí ní 1526. Ó ní àwọn oníṣòwò ń jí ọmọ ilẹ̀ òun gbé, àní ọmọ àwọn ìjòyè àti ìbátan òun; pé ọjà wọn ti mú kí àwọn tó wà lábẹ́ òun má gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́; pé àlùfáà, olùkọ́, àti wáìnì àti ìyẹ̀fun fún oúnjẹ Olúwa nìkan ni òun fẹ́. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé “Afonso jẹ́ ọba, nítorí náà ó ń ṣe ojúsàájú” kò ní rí nǹkan kan gbà. Gbé e báyìí: “Ọba Kristẹni ló ń kọ̀wé sí ọba Kristẹni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ kó ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi tẹnu mọ́ àlùfáà àti oúnjẹ Olúwa. Ìdúnàádúrà ni lẹ́tà náà: Afonso fẹ́ kí òwò padà sábẹ́ àṣẹ ọba, èyí sì fi hàn pé agbára ọba ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló ń mú máàkì wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń dúró sí gbólóhùn kan ṣáájú rẹ̀.

Máàkì ìkeje jẹ́ ti àríyànjiyàn tó ní ojú púpọ̀. Má lé e kiri. Bí o bá lo àkọsílẹ̀ méjèèje dáadáa, tàbí o ṣàlàyé orísun mẹ́rin dípò méjì, ó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: LEQ, àròkọ gígùn

Ogójì ìṣẹ́jú, ìdá 15, máàkì mẹ́fà, kò sí àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n á fún ọ ní ìbéèrè mẹ́ta láti ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o ó mú ẹyọ kan. Má mú èyí tí o fẹ́ràn. Fi ìṣẹ́jú méjì kọ ẹ̀rí tó ní orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pépà tí wọ́n fún ọ. Èyí tó bá ní mẹ́rin ni kí o mú. “Àwọn ẹrú ṣọ̀tẹ̀” kò tíì di ẹ̀rí. “Ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Saint-Domingue ní oṣù kẹjọ 1791, tí Toussaint Louverture wá di aṣáájú rẹ̀, tó sì já sí òmìnira Háítì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804” ni ẹ̀rí.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé apá kejì. Lẹ́yìn òmìnira Látìn Amẹ́ríkà, àwọn tó wá láti Sípéènì kúrò lórí àlééfà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ńláńlá ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé díẹ̀, Brazil kò sì fòpin sí ìmúnilẹ́rú títí di 1888. Ìlà kan bí èyí lè gbé àròkọ rẹ ga ju ojú ìwé kan ti ìyípadà nìkan.

Ẹ̀rí rẹ kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tí olùkọ́ kọ́ ọ. Bó bá ti jẹ́ òótọ́, tó sì bá ìgbà àti ìbéèrè mu, wọ́n á gbà á. Fún ọmọ Yorùbá, ìtàn tó ti gbọ́ nílé wúlò níbí: Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìbéèrè lórí òpin òwò ẹrú tàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ àwọn Kristẹni. Ṣùgbọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, torí olùmáàkì lè má gbọ́ orúkọ náà rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú ìdánwò

Orí ìkànnì College Board, wọ́n kó àwọn ìbéèrè àròkọ ọdún tó ti kọjá síta lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àròkọ tí àwọn ọmọ kọ àti máàkì tí wọ́n gbà. Kò sí ìwé tí o lè rà tó tó èyí. Ka àròkọ kan, fún un ní máàkì fúnra rẹ, kí o tó wo èyí tí wọ́n fún un. Tí tìrẹ àti tiwọn bá ti ń bára mu, o ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà, kọ DBQ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì ṣe ìdánwò kíkún lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é báyìí, nínú áàpù tí wọ́n ń pè ní Bluebook. Fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ ṣáájú, ṣe ìdánwò àfidánrawò inú rẹ̀, kí o sì máa fi títẹ̀ kọ àròkọ rẹ láti oṣù kejì. Ọmọ tó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn máa ń rí i pé ọwọ́ òun kò yára tó.

Lọ́jọ́ náà gan-an, DBQ ni yóò fẹ́ jí àkókò LEQ gbé. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí o kò tíì kọ nǹkan kan lórí LEQ, má jókòó máa kẹ́dùn. Kọ gbólóhùn mẹ́ta lórí ohun tó ṣáájú, thesis tó ní ìdí nínú, àti àpẹẹrẹ méjì tó ní orúkọ àti ọdún. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́fà wà níbẹ̀.